Kí Ọ̀nà Ìje Lè Gba Ẹsẹ̀, Gba Kẹ̀kẹ́, Gba Amọ̀nà

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nílùú Paris, ìlà ìparí máràtọ́ọ̀nù Paralympics ti wà níwájú Elena Congost, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ojú rẹ̀ kò ríran tó. Ipò kẹta ló wà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì fi bí ìṣẹ́jú 3 jìnnà sí i. Àmì-ẹ̀yẹ idẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́rùn ná. Lójijì ni pajápajá mú amọ̀nà rẹ̀, Mia Carol, lẹ́sẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kó ṣubú. Congost ju okùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀ sílẹ̀, ó nawọ́ gbá ọkùnrin náà mú kó má baà lulẹ̀, ó tún mú okùn rẹ̀ padà, wọ́n sì jọ kọjá ìlà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn adájọ́ fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú èsì, wọ́n ní ó fi okùn sílẹ̀ kó tó dé ìparí. Misato Michishita ti ilẹ̀ Japan ni wọ́n fún ní idẹ lọ́jọ́ náà.

Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìwà ọmọlúàbí ni obìnrin náà hù, ìwà ọmọlúàbí yẹn náà ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́ níyà. Èmi náà gbà pé ìdájọ́ yẹn le, ṣùgbọ́n òfin okùn kì í ṣe òfin tí kò nídìí. Òun ni adájọ́ fi ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹni tí kò ríran fi ń sáré, pé amọ̀nà kò fà á, kò tì í, kò sì gbé e. Ẹ yọ okùn kúrò, kò ní sí bí a ó ṣe mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ parí sí àti ibi tí ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wù mí kí àwọn èèyàn rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé eléré méjì ló wà lórí títì, ara èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè kọ̀ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré ìje kò tíì fi èyí sọ́kàn. Ẹnì kan ni wọ́n ń ṣètò fún; wọ́n ka ẹnì kejì sí ẹni tó sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣeré.

Eré ojú títì yàtọ̀ sí eré mìíràn. Nínú bọ́ọ̀lù, kò sí ohun tó lè gbé èmi àti Osimhen wọ pápá kan náà lọ́jọ́ ìdíje. Ṣùgbọ́n ní máràtọ́ọ̀nù Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2016, akọ̀wé báńkì, oníṣòwò ọjà Bálógun àti ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà tó wá gbowó ńlá lọ ló jọ ń gbéra ní Sùúrùlérè, tí wọ́n jọ ń gun afárá Third Mainland, tí wọ́n sì jọ ń forí lé Eko Atlantic. Níbi tí ẹnu ọ̀nà bá ti ṣí gbayawu báyìí, ẹni tí wọ́n bá tì síta kì í farasin.

Bí àwọn aláàbọ̀ ara ṣe wọlé sínú eré yìí kò sì dùn tó bí àwọn olùpolówó ìdíje ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún kò pọ̀. Èjìká ni ọ̀pọ̀ fi tì í. Ní ọdún 1975, Bob Hall, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bà lẹ́sẹ̀ jẹ́ láti kékeré, tọrọ àyè láti fi kẹ̀kẹ́ arọ díje ní máràtọ́ọ̀nù Boston. Will Cloney, ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà, ní bó bá lè parí rẹ̀ kí wákàtí 3 tó pé, òun ó fún un ní ìwé ẹ̀rí bíi ti àwọn yòókù. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 58 ni Hall fi dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dick Traum, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá parí máràtọ́ọ̀nù New York. Ní 1983 ló dá ẹgbẹ́ Achilles sílẹ̀ nílùú yẹn, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti so sárésáré tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá pọ̀ mọ́ ẹni tó máa bá a sáré. Ọdún 1983 yẹn kan náà ni London kọ́kọ́ gba kẹ̀kẹ́ arọ láàyè nínú máràtọ́ọ̀nù tirẹ̀. Dick Hoyt ti Massachusetts ní tirẹ̀ ń ti Rick ọmọ rẹ̀, tí kò lè rìn tí kò sì lè fẹnu sọ̀rọ̀, nínú kẹ̀kẹ́ láti ìdíje kan dé òmíràn. Kí Boston tó fún wọn ní nọ́ńbà, ó di ìgbà tí bàbá ti ọmọ rẹ̀ dé ìparí máràtọ́ọ̀nù mìíràn ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45. Lónìí, ère bàbá àti ọmọ wà ní Hopkinton, níbi tí Boston ti ń gbéra. Kò sí àní-àní pé ère náà wuyì. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún.

Orí nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí pé tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ni eré ìje ti ń ṣí fún èèyàn tàbí kó tì, ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí mo sábà ń rí máa ń ní àpótí kékeré kan: ṣé aláàbọ̀ ara ni ọ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni náà á mú bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á parí sí. Kò sẹ́ni tó máa pè é. Ìbéèrè tó wúlò kì í ṣe orúkọ àìsàn rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi í ni ohun tó nílò lọ́jọ́ náà. Irú kẹ̀kẹ́ wo ló máa gbé wá? Ṣé ó ní amọ̀nà, àbí ó fẹ́ kí a bá òun wá ọ̀kan? Ṣé ó máa nílò láti tètè gbéra? Ṣé ìpè ló fẹ́ àbí àtẹ̀jíṣẹ́? Ẹni tí kò gbọ́ràn kò ní gbé ìpè. Ẹni tí kò ríran kò ní rí àwòrán ojú ọ̀nà tí ẹ fi ránṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ kankan nídìí rẹ̀.

Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Fóònù ayé òde òní lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún ẹni tí kò ríran, bí àwọn tó kọ ojú ìwé náà bá kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ wọ́n á parí ìwé tán, wọ́n á wá fi àwòrán kéékèèké kún un, wọ́n á ní kí èèyàn tọ́ka sí èyí tó ní iná ojú títì nínú, kó fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni afọ́jú ti ń di ẹ̀rọ.

Bí amọ̀nà bá máa bá a sáré, nọ́ńbà méjì ló kàn. Kò yẹ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ amọ̀nà. Kò yẹ kí ó gba àyè ẹlòmíràn nínú iye àwọn tí ìdíje lè gbà, kò sì yẹ kí wọ́n ní kó wá fi àkókò ìpegedé tirẹ̀ hàn, nítorí kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń sáré fún. Èyí tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù ni pé orúkọ amọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣeé pààrọ̀ títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje. Amọ̀nà lè ní ibà lọ́jọ́ Thursday. Bí òfin ìdíje bá ní kò sí ìpààrọ̀ orúkọ láti oṣù kan sẹ́yìn, ibà amọ̀nà ti lé sárésáré méjì kúrò lójú títì, bẹ́ẹ̀ ara ọ̀kan le koko.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí amọ̀nà ń ṣe gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dídi ọwọ́ mú lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí okùn. Okùn bàtà lè ṣe é, aṣọ tí a lọ́ lè ṣe é; ohun tó ṣe pàtàkì ni kó kúrú, kó ní ojóbó lápá méjèèjì fún ọwọ́ tàbí ìka, kó má sì máa fà bíi rọ́bà. Nínú òfin ìdíje àgbáyé, ohun tó bá ń fà kò bófin mu, nítorí ó lè máa fún eléré ní agbára tí kì í ṣe tirẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Ẹni tí kò ríran ló ń yan apá tí amọ̀nà máa wà: ó lè jẹ́ etí òsì rẹ̀ ló gbọ́ràn jù, ó lè jẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ ló ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ kù, ó sì lè jẹ́ pé bó ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Lẹ́yìn okùn, ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀kan àti ọwọ́ òsì èkejì ni okùn so pọ̀, ọwọ́ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jọ máa lọ síwájú, kí wọ́n jọ máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ìta àwọn méjèèjì ló ń jọ gbéra, ẹsẹ̀ inú á sì tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá gùn lẹ́sẹ̀ ju èkejì lọ, amọ̀nà ló máa gé ìṣísẹ̀ tirẹ̀ kúrú tàbí kó fà á gùn. Èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje lè ṣe fún kìlómítà 42. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ètò tí wọ́n á ti kó àwọn ọ̀dọ́ olùyọ̀ǹda jọ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á máa pín wọn fún àwọn afọ́jú bí ẹni pín ike omi. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì ti jọ sáré tó ìgbà mélòó kan, lórí ọ̀nà tó ní kòtò, nínú oòrùn, kí ọ̀kan ti mọ bí èkejì ṣe ń mí nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ẹnu amọ̀nà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ọ̀rọ̀ tí kò wúlò jù lọ lójú títì ni "ṣọ́ra!" Kí ni kó ṣọ́ra fún? Ṣé kòtò ni, ṣé ọ̀kadà ni, ṣé kó dúró ni àbí kó fò? Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ á sọ ohun náà, á sọ ibi tó wà, á sì kà á dé ibẹ̀: "Bọ́ǹpù ń bọ̀, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, gòkè." "A máa yà sọ́tùn-ún, díẹ̀díẹ̀, ó ti tán." "Títì rọ̀ sápá òsì." "Ọ̀nà há, bọ́ sẹ́yìn mi." Láàárín gbogbo èyí, ó tún gbọ́dọ̀ máa bá àwọn tó wà níwájú sọ̀rọ̀: ẹni tó fi nǹkan dí etí rẹ̀ tó ń gbọ́ orin, àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó to ara wọn sójú ọ̀nà tí wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn afọ́jú kan fẹ́ kí amọ̀nà máa ròyìn ohun tó ń kọjá, kó sọ pé ọ̀sà ti yọ lápá òsì, pé àwọn ọmọ iléèwé kan ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ju ohun tó lè gbé wọn ṣubú lọ. Amọ̀nà á béèrè kí wọ́n tó gbéra.

Tábìlì omi ni wàhálà ti máa ń pọ̀. Amọ̀nà ló máa nawọ́ gba omi ẹni méjì láìjẹ́ kí okùn le, nínú ogunlọ́gọ̀ tó ń já ara wọn lu. Níbi tó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń pín, ó máa fi eyín já a kó tó gbé e lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Ọ̀rá tí àwọn èèyàn sì jù sílẹ̀ á bo títì fún ọgọ́rùn-ún mítà tó tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ríran á fò ó. Ọ̀pá tí arọ fi ń rìn, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àti ẹsẹ̀ ẹni tí kò rí ohun tó wà nílẹ̀, orí ọ̀rá tó tutù yẹn ni wọ́n ti ń yọ̀. Kí tábìlì omi gùn, kí tábìlì kan wà lẹ́yìn pátápátá fún àwọn tó ń sáré ní méjìméjì àti àwọn oníkẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan sì máa gbálẹ̀ níbẹ̀ bí ìdíje ṣe ń lọ. Ìgbálẹ̀ kan àti ẹni tó mọ ìdí tí òun fi ń gbálẹ̀ ti tó.

Amọ̀nà gbọ́dọ̀ yára ju ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn lọ, torí ó ń sáré, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wò síwá sẹ́yìn. Ẹ wo Henry Wanyoike, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà tí ojú rẹ̀ fọ́ ní ọdún 1995 nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́. Ní Paralympics Sydney lọ́dún 2000, nínú eré mítà 5,000, amọ̀nà rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ló rẹ̀ nígbà tí ìparí kù díẹ̀; afọ́jú ló ń rọ aríran kó má dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ ọ dé ìlà, wúrà náà sì di tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Joseph Kibunja, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wá di amọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, Wanyoike sáré máràtọ́ọ̀nù London ní 2:32:51, nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan sì pé, ó sáré Hamburg ní 2:31:31. Ẹni mélòó lẹ mọ̀ ládùúgbò yín tó lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáré kó ráyè máa ka bọ́ǹpù? Nítorí èyí ni òfin ìdíje Paralympics fi gba máràtọ́ọ̀nù láyè láti pààrọ̀ amọ̀nà láàárín ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti sàmì sí. Ìdíje tó bá fẹ́ gba irú eléré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó máa gbé amọ̀nà kejì lọ dúró, àti èyí tó máa gbé àkọ́kọ́ bọ̀.

Ní ìlà ìparí, ẹni tí kò ríran ló máa ṣáájú, amọ̀nà á tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ lọ, àṣìṣe tí kò sí nínú òfin kankan ló kù: àwọn olóyè, àwọn oníròyìn àti àwọn nọ́ọ̀sì á máa bá amọ̀nà sọ̀rọ̀. "Kí lorúkọ wọn? Ṣé wọ́n á mu omi? Báwo ló ṣe rí lára wọn?" Ẹni tó sáré kìlómítà 42 dúró síbẹ̀, etí rẹ̀ ò di, ẹnu rẹ̀ ò yadi. Amọ̀nà rere á dákẹ́ títí wọ́n á fi dojú kọ ẹni tó yẹ. Òwe wa ní bí afọ́jú bá ní òun á sọ èèyàn lókò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí òkúta. Àwọn àgbà tó pa á mọ̀ pé afọ́jú ti múra sílẹ̀ kí ó tó lanu. Ó yẹ kí àwọn tó di gbohùngbohùn mú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ju ti omi lọ. Kẹ̀kẹ́ ìje kì í ṣe èyí tí a mọ̀ ní ọsibítù. Táyà mẹ́ta ló ní: ńlá méjì lẹ́yìn, kékeré tín-ín-rín kan tó yọ síwájú gbọọrọ. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, á wọ ìbọ̀wọ́ líle, á sì máa fi ìkúùkù gbá òrùka tó wà lára táyà ńlá kó lè yí. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà, tó ní ṣéènì àti jíà, nǹkan mìíràn pátápátá ni; ó máa ń yára jù ú lọ, wọn kì í sì jẹ́ kó bá ti àkọ́kọ́ figagbága. Ìdíje tó bá da méjèèjì pọ̀ sínú èsì kan ti rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Ní ọdún 2024, Marcel Hug ti Switzerland parí Boston ní 1:15:33. Ní 2011, Geoffrey Mutai fi ẹsẹ̀ sáré ọ̀nà yẹn ní 2:03:02, gbogbo ayé sì pariwo. Ẹ wá fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbéra lẹ́yìn ẹlẹ́sẹ̀. Lórí ìsọ̀kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ ìje lè kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìdí nìyí tí Boston, ní 2024, fi jẹ́ kí àwọn ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ gbéra ní aago 9:02, àwọn obìnrin wọn ní 9:05, kí àwọn tó ń fọwọ́ wà á àti àwọn tó ń ti ẹnì kejì gbéra ní 9:30, kí àwọn ọ̀jẹ̀ ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ tó bọ́ sójú ọ̀nà ní 9:37. Àwọn afọ́jú àti ẹlẹ́sẹ̀ àtọwọ́dá ní àkókò tiwọn, 9:50, lẹ́yìn àwọn ọ̀jẹ̀ obìnrin àti ṣáájú ogunlọ́gọ̀. Àánú kọ́ ló ṣètò àkókò wọ̀nyí bí kò ṣe ìṣirò. Boston náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyà ni: ní 1987, lórí títì tó tutù, àwọn kẹ̀kẹ́ kọlu ara wọn lórí ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ṣáájú wọn kí eré tó le.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀nà wò fún kẹ̀kẹ́, kó fi ojú táyà iwájú yẹn wò ó. Jean Driscoll, obìnrin tó gba Boston lẹ́ẹ̀meje léraléra, pàdánù rẹ̀ ní 1997 nígbà tí táyà rẹ̀ há sínú irin ọ̀nà ọkọ̀ rélùwéè tó gba àárín títì kọjá, tí ó sì dà á nù. Louise Sauvage ti Australia ló gbà á lọ́jọ́ náà. Hug pàápàá kọlu ohun tí wọ́n fi pààlà ọ̀nà níbi ìyàsọ́nà kan ní 2024 kó tó dìde parí. Èkó kò ní irú rélùwéè bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ìje, ṣùgbọ́n afárá Third Mainland gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, gbogbo onímọ́tò ló sì mọ bí irin tó so apá afárá kan mọ́ èkejì ṣe ń dún lábẹ́ táyà. Ìjọba ti ti apá kan afárá náà pa ní 2020 nítorí àtúnṣe irin wọ̀nyí. Ohun tó ń gbọn mọ́tò jìgìjìgì lè gbé táyà tín-ín-rín mì. Ẹ tẹ́ nǹkan tó le bò ó, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí; bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa. Bákan náà ni ìdérí gọ́tà tó ti sọnù, bọ́ǹpù, àti ẹní tí wọ́n fi ń ka àkókò, èyí tí etí rẹ̀ máa ń yọ sókè. Kẹ̀kẹ́ tún nílò ibi tó fẹ̀ láti yà, koríko tàbí fóòmù lára igun, ẹni tó mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà, àti ọkọ̀ tó máa gbé kẹ̀kẹ́ ìjókòó rẹ̀ láti ibi ìgbéra lọ sí ìparí. Bí èyí tó kẹ́yìn yìí kò bá sí, olúborí yóò dé, kò sì ní ní ohun tó máa fi kúrò níbẹ̀.

Ti àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ gba owó. Adití nílò àsíá tàbí iná tó máa tàn nígbà tí ìbọn bá dún, kí wọ́n kọ ìkéde sójú pátákó, kí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà sì mọ̀ pé ẹni tí kò yà nígbà tí wọ́n fọn fèrè kì í ṣe alágídí. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré nílò àga níbi tábìlì omi, nítorí òógùn máa ń mú kí ẹsẹ̀ náà yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Á jókòó, á bọ́ ọ, á nù ún, á tún wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pá nílò láti tètè gbéra, kí ọlọ́pàá tó ṣí títì padà fún mọ́tò. Bí ẹ bá mọ̀ pé aago kan ni títì máa ṣí, ẹ jẹ́ kó gbéra ní ìdájí, pẹ̀lú ẹnì kan tó máa bá a rìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀kan péré tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tó fún ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 42.

Ní ti owó ẹ̀bùn, London ni mo máa tọ́ka sí: ní ọdún 2024, wọ́n fi owó olúborí kẹ̀kẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlẹ́sẹ̀, 55,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi kò rò pé gbogbo ìdíje ló lè ná irú owó bẹ́ẹ̀. Ìdọ́gba yẹn ni mo ń sọ, bó ti wù kí owó náà kéré tó.

Nílé wa níbí, òfin wà. Èkó ti ní tirẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá láti 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù Kìíní ọdún 2019: ó ka ìdẹ́yẹsí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà ló fi lélẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó bá rú u, ó sì fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún un ṣe. Ọdún 5 náà ti pé. A sì ní akọni: Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ gba wúrà gbígbé irin ní Paralympics Tokyo, ó tún gbà á ní Paris. Mo ti máa ń rò ó pé kì í ṣe àrà pé gbígbé irin ni agbára wa pọ̀ sí jù. Gbọ̀ngàn kan, irin, àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè gbé ẹni tó bá ní ìfaradà dé òkè. Eré ojú títì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó nílò kí gbogbo ìlú gbà fún èèyàn: ẹni tó ń di gọ́tà, ẹni tó ń darí ọkọ̀, ọlọ́pàá, alágbàálẹ̀, àti ẹni tó kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, tó sì ń sáré láràárọ̀ Sátidé, o lè má ní àṣẹ lórí afárá tàbí lórí owó ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n o ní ẹsẹ̀, o sì ní ẹnu. Lọ béèrè nílé ìwé àwọn afọ́jú tó wà nítòsí rẹ, tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ máa sáré. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà méjì, pẹ̀lú okùn bàtà. Ìwọ tó ń ṣètò ìdíje, tìrẹ nìyí: kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ máa gbé jáde lọ́dún tó ń bọ̀ ní àyè fún orúkọ amọ̀nà, kí ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.